Ẹ Má Gbé Mi Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Bàbá kékeré mi kú níwájú géètì kan tí wọn kò ṣí. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀yìn takisí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́, báàjì irin kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà pé ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbé òun wá. Wọ́n sì gbé e wá. Ohun tí báàjì náà ní ó wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mi ò kọ irú nǹkan báyìí rí. Ọdún kìíní ni mo wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, èmi tí mo máa ń ka ìbéèrè kan ṣoṣo ní àkàtúnkà kí n tó gbà pé ó yé mi. Ó ṣeé ṣe kí n ṣi ibì kan sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí àwọn tó mọ̀ jù mí lọ sì fi mí rẹ́rìn-ín. Kò burú. Mo ti dúró dè wọ́n títí pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo ń wo ìwé ìròyìn, mo ń gbọ́ rédíò, mo ń tẹ́tí sí àwọn àgbà nínú ẹ̀ka wa. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà abẹ́ odò. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó wà nínú takisí.

Àbúrò bàbá mi ni. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì, nínú yàrá kan tó fi kọ́tìnnì pín sí méjì. Apá ọ̀dọ̀ fèrèsé jẹ́ tèmi nítorí ìwé kíkà, apá ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn jẹ́ tirẹ̀ nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Kò níyàwó, kò bímọ. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ lókè, kí ó máa ṣírò bóyá mo ṣì ń mí nísàlẹ̀?" Nílé, Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Níbi iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ dárí jì mí pé "ó" ni mò ń lò fún un níbí dípò "wọ́n". Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á pọ̀ mọ́ àwọn "wọ́n" kejì, àwọn tí mò ń bọ̀ wá kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba abẹ́ odò kọjá, bóyá ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Èmi náà ò mọ̀ kó tó sọ fún mi. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń jẹ ilẹ̀ lọ lábẹ́ odò, ó rí roboto, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, eyín irin ló sì kún ojú rẹ̀. Eyín náà a máa kújú. Bó bá ti kújú, àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ síwájú ẹ̀rọ náà, sí àárín irin àti ẹrẹ̀, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Odò wà lórí wọn nígbà náà, ó ń wá àyè wọlé. Kí ni wọ́n fi ń dá a dúró? Afẹ́fẹ́ lásán. Wọ́n á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí ibẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tó ti omi, omi á sì dúró síbi tó wà. Inú afẹ́fẹ́ líle yẹn ni Bàbá Kékeré ti ń ṣiṣẹ́.

Wíwọlé kò nira. Jíjáde ni iṣẹ́. Ìyẹ̀wù irin kékeré kan wà lẹ́yìn ojú ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀, orúnkún á kan orúnkún, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ náà á wá máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ara wọn yóò fi bá ti òde mu. Kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n jókòó lọ. Ó ní ìgbà mìíràn wà tí ìjókòó náà máa ń gùn ju iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ.

Mo béèrè ìdí. Ó dìde, ó gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ka orí tábìlì mi, ó mi méjèèjì pọ̀.

"Màdáámú Ẹnjiníà, wò ó."

Ó ṣí ti àkọ́kọ́ lójijì. Ó hó, ó sì bo ìwé ìṣirò mi.

"Bàbá Kékeré! Ìwé mi!"

"Ìwé á gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó sáré jáde lo rí yẹn."

Ó mú ìkejì. Ó yí ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ó dúró, a gbọ́ ṣíì. Ó tún yí i díẹ̀, ó tún dúró. Ó ń wo fèrèsé bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ láyé yìí. Nígbà tó ṣí i tán, ẹ̀kán kan kò dà.

"Èyí ni ẹ̀jẹ̀ tèmi," ló wí, ó sì gbé e mu.

"Èmi ńkọ́?"

"Mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó sáré. Díẹ̀ ṣì kù nísàlẹ̀ ìgò."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn nínú ohun gbogbo. Ó máa ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ ìdánwò mi àkọ́kọ́, nígbà tí mo ti fẹ́ sáré jáde láìwọ bàtà tó bára mu, ó fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn. "Jókòó ná," ló ní. "Jẹ́ kí ara rẹ bá òde mu." Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Òun náà jókòó. Kò gbàdúrà, kò gbà mí nímọ̀ràn. A kàn jókòó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó tó. Máa lọ."

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Nínú afẹ́fẹ́ líle yẹn, kò sí ẹni tó lè súfèé. O lè kó ètè jọ títí, ohùn ò ní jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn pàápàá a máa dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Nítorí náà, bó bá ti dókè tán, ṣe ló máa ń súfèé láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já a sílẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Orin kọ́ o. Ó kàn ń dán an wò ni, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa máa ń yọjú sí i lórí àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ṣé ẹyẹ lẹ̀ ń sìn lókè yẹn ni?"

"Èmi gan-an ni ẹyẹ náà, ìyá. Ẹyẹ abẹ́ omi."

"Ẹyẹ tí kì í sùn! Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn sinmi o."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà dá mi dúró níbi àtẹ̀gùn kan náà. Mo rò pé ó fẹ́ bínú nípa ilẹ̀ tí mi ò gbá. Ó wo òkè, ó wo ojú mi, ó ní, "Ilé yìí ti dákẹ́ jù." Ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí báàjì. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ inú afẹ́fẹ́ ló ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ló ṣe é fún wọn, dandan sì ni kí wọ́n fi kọ́rùn tọ̀sán-tòru, ìbáà ṣe nílé, ìbáà ṣe lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n kọ sí i rèé:

"Òṣìṣẹ́ inú afẹ́fẹ́ ni mí. Bí ẹ bá bá mi nílẹ̀, mi ò mutí. Ẹ má gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ gbé mi lọ sí yàrá irin ní géètì ibi iṣẹ́ wa."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó jókòó dáadáa nínú ìyẹ̀wù, tó sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, lè dókè tán kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì hó. Ó lè jẹ́ ìgúnpá ni yóò máa ro ó. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ ni kò ní gbé e mọ́. Ó lè ṣubú láàárín ìgboro, kí àwọn èèyàn máa rò pé ọtí ni. Ìwòsàn tó dájú kan ló wà fún un: kí wọ́n tètè dá a padà sínú afẹ́fẹ́ líle, kí wọ́n sì tún mú un jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé yàrá irin kan, tó gùn tó sì rí roboto bí táǹkì, sí ẹ̀gbẹ́ géètì lókè, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti nọ́ọ̀sì. Ilé ìwòsàn ìlú kò ní irú rẹ̀. Báàjì náà kò parọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́.

Ìgbà wo ló wá di irọ́?

Ihò méjì ni ọ̀nà abẹ́ odò náà, ọ̀kan fún àwọn tó ń lọ, ọ̀kan fún àwọn tó ń bọ̀. Ìkan parí. Ẹ rántí ọjọ́ náà: àwọn ọlọ́lá wọ akoto funfun tí ẹrẹ̀ kò kàn rí, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n fi òkúta dídán kan sí ẹnu ọ̀nà, orúkọ àwọn tó wá wò ó ló wà lára rẹ̀. Ihò kejì ṣì kù díẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ odò, eyín rẹ̀ ṣì ń kújú. Ṣùgbọ́n àríyá ti parí, ojú gbogbo ayé sì ti kúrò níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ mìíràn níbòmíràn tó nílò yàrá irin. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó de yàrá náà mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e lọ.

Báàjì ńkọ́? Wọ́n fi báàjì sílẹ̀ lọ́rùn wọn.

Ọkùnrin tó máa ń jókòó kọjú sí Bàbá Kékeré nínú ìyẹ̀wù ló sọ èyí fún mi. Ó wá kí mi nílé lẹ́yìn ìsìnkú. Ó kọ̀ láti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó fara ti ògiri.

"A rí i láàárọ̀ ọjọ́ náà pé yàrá irin kò sí níbẹ̀ mọ́," ló ní. "Kọnkéré tó dúró sí mọ́ ju ìyókù lọ. A bi fóòmàn. Ó ní wọ́n yá a ni, pé yóò dé láìpẹ́. Jẹ́jẹ́ ní tó bá dé ni kí wọ́n pe òun."

"Kí ni fóòmàn wá sọ?"

"Ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé lè máa lọ sílé, pé àwa méjì tó kù yóò ṣe é. Àwa mẹ́ta la máa ń wọ̀ ọ́, ṣé o rí i. Ẹni méjì á di eyín náà mú, ẹni kẹta á máa tú u. Bó bá di ẹni méjì, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì ti pẹ́ níbẹ̀..." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Èmi ni Jẹ́jẹ́ ń wò. Mo ní ọmọ mẹ́rin, mi ò lè sọ pé mi ò wọlé. Jẹ́jẹ́ ti bọ́ akoto rẹ̀. Ó tún gbé e dé. Ó ní, 'Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká lọ, kí n má baà máa ronú yín nílé.'"

Ó wọlé. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó nínú ìyẹ̀wù, kò yára. Ẹnìkejì rẹ̀ búra fún mi pé kò yára. Ó dókè, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó súfèé lọ síbi tó ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Mo lọ síbi ìdúró bọ́ọ̀sì náà. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi àwọn tí mi ò mọ̀ rí léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe. Mo fún un ní bàtà mi tí kò bàjẹ́ níbì kankan, kí n lè rí ìdí jókòó.

"Kí ló ṣe é?" ló bi mí.

"Kò... kò ṣe nǹkan kan, sà. Bàbá kékeré mi ló ṣubú níbí."

Ó gbé bàtà náà sílẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọ rẹ̀? Ọkùnrin náà jókòó síbi tó o jókòó sí yìí. Ó ń fọwọ́ ra ìgúnpá. Mo ní, 'Ọ̀gá, ṣé kò sí?' Ó ní kò sí, pé òun kàn fẹ́ jókòó díẹ̀. Ìgbà tó dìde, ẹsẹ̀ ò gbé e. Àwọn ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. 'Bàbá ti yó! Ọ̀sán kò tíì pọ́n dáadáa, bàbá ti yó!' Mo ní kí wọ́n panu wọn mọ́. Mo yí nǹkan ọrùn rẹ̀ síwájú, mo kà á. Èmi ni mo kà á." Ó tún un sọ. "Èmi ni mo kà á sókè fún awakọ̀."

Mo rí awakọ̀ takisí náà. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ tó ti mọ́.

"Ilé ìwòsàn nìyẹn," ló ní. Ó nawọ́. Mo wo ibi tó nawọ́ sí: mo rí ògiri rẹ̀, mo rí àmì pupa, mo tilẹ̀ rí nọ́ọ̀sì kan tó ń ra nǹkan lẹ́nu géètì. "Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ṣé o gbọ́? Mo fẹ́ yà. Mo tiẹ̀ ti tan iná yíyà. Bàbá oníbàtà tó gbé orí rẹ̀ lé itan lẹ́yìn ní, 'Má yà o! Wọ́n ní ká má gbé e lọ síbẹ̀!' Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ta ni, tí n ó fi mọ̀ ju ohun tí wọ́n fi irin kọ?"

"Ẹ ò jẹ̀bi, sà."

"Mo sáré. Ìwọ bi ẹnikẹ́ni, mo sáré. A dé géètì, mo ń fọn fèrè ọkọ̀. Ẹ̀ṣọ́ géètì yọjú. Mo ní ẹ ṣí i, èèyàn yín ni. Ó ní, 'Wọ́n ti gbé e lọ.' Mo ní ta ni wọ́n gbé lọ? Ó ní, 'Yàrá náà. Wọ́n ti gbé yàrá náà lọ. Mi ò lè ṣí géètì fún ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́.'"

Níbẹ̀ ló kú sí. Wọ́n yí ọkọ̀ padà lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọjá, ṣùgbọ́n òkú ni wọ́n gbé débẹ̀. Dókítà tó gbà á sọ òtítọ́ fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ò ní yàrá irin, ṣùgbọ́n àwọn ní ọ́síjìn, àti pé ibùdó àwọn tó ń mòòkùn ṣiṣẹ́ nínú òkun kò jìnnà, wọ́n ní irú yàrá náà níbẹ̀, fóònù kan ni ì bá ná àwọn. "Mi ò lè sọ fún ọ pé kò ní kú," ló ní. "Mo lè sọ pé à bá gbìyànjú."

Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ rí ló gbé Bàbá Kékeré jìnnà sí ìwòsàn, nítorí pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan gbọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ òpè tí kò mọ̀wé ni, bóyá ó ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá jẹ́ òǹrorò tó kàn fẹ́ já a sílẹ̀ níbi tó sún mọ́ wọn jù lọ ni, bóyá ó ṣì wà láàyè. Ṣé irú ìlú tí a fẹ́ kọ́ nìyí, níbi tí ẹni tó ṣe rere ti máa ń di ẹni tí kò lè sùn mọ́?

Kí wá ni àwọn tó kọ báàjì sọ? Wọ́n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn díẹ̀: pé òṣìṣẹ́ kan dákú ní ìgboro lẹ́yìn tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pé ikú náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iṣẹ́, pé àwọn tó rí i kẹ́yìn rò pé ó mutí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ abẹ́ odò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pa fáìlì dé. Wọn kò bi bàbá oníbàtà. Wọn kò bi awakọ̀.

Ẹ ràn mí lọ́wọ́, nítorí ọmọ kékeré ni mí, ó sì lè jẹ́ pé kò yé mi. Ilé-iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára irin pé ọkùnrin yìí kò mutí. Ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó pàṣẹ pé kó má bọ́ ọ. Nígbà tó wá ṣubú bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣubú, ilé-iṣẹ́ kan náà ní ọtí ni. Ọ̀rọ̀ wọn wo ni ká gbà gbọ́? Ti ara irin ni, tàbí ti inú ìwé ìròyìn?

Bàbá mi pè mí lórí fóònù láti ilé lẹ́yìn tí wọ́n ka ìròyìn náà.

"Ṣé ó ti ń mutí ni?"

"Rárá, sà. Kò fẹnu kàn án."

"Kí o má fi nǹkan pamọ́ fún mi o. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

"Bàbá, mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò mutí rí."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ó dáa. Mo kàn bi ọ́ ni." Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà jí lọ nílé wa nìyẹn: pé ẹ̀gbọ́n béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa àbúrò rẹ̀ tó ti kú, nígbà tí àbúrò kò lè fúnra rẹ̀ dáhùn mọ́.

Ní àràárọ̀ ni mò ń gba inú ọ̀nà náà lọ sí kíláàsì. Kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà. Wọ́n ti dá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wa sọdá dúró láti ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Bọ́ọ̀sì á tẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, iná funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú fèrèsé, ẹni tó jókòó tì mí á máa wo fóònù rẹ̀. Rédíò awakọ̀ kì í tilẹ̀ dákẹ́. Mo máa ń kó ètè jọ níbẹ̀, mo máa ń súfèé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ń jáde. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti di afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Ẹni tó jókòó tì mí á wò mí, á sún díẹ̀.

Nínú kíláàsì, olùkọ́ wa fi àwòrán ọ̀nà náà hàn wá lára ògiri, ó sì rẹwà, mi ò ní purọ́. Olùkọ́ ní ohun ìwúrí ni pé ẹnikẹ́ni kò kú nínú iṣẹ́ náà. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi gòkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹnì kan kú."

"Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?"

"Bàbá kékeré mi ni, sà."

Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́," ló wí. "Pẹ̀lẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á ni... ikú tó bá ṣẹlẹ̀ lóde géètì, wọn kì í kà á mọ́ ti iṣẹ́."

Lóde géètì! Iwájú ọkọ̀ takisí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin rẹ̀. Bí ẹ̀ṣọ́ yẹn bá ti ṣí i ni, kí ọkọ̀ sì yí táyà lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Kékeré ì bá wà lára iye àwọn tó kú nínú iṣẹ́. Nítorí náà, géètì tí wọn kò ṣí fún un ló tún gba ikú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì, olùkọ́ pè mí. "Kọ ọ́," ló ní. "Èmi ò lè kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ló ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa síṣẹ́." Ó tún ní, "Kọ ìyẹn náà sí i." Mo ti kọ ọ́, sà.

Mo wá ní ìbéèrè, mo sì fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ènìyàn dáhùn, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ta ló ní kí wọ́n gbé yàrá irin lọ nígbà tí ènìyàn ṣì ń wọ inú afẹ́fẹ́? Ta ló yẹ kó sọ pé rárá nínú iléeṣẹ́ ìjọba, tí kò sì sọ ọ́? Ta ló kọ gbólóhùn ọtí yẹn? Kí ẹni náà wá kọ òmíràn, ní ojú ìwé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bíi ti àkọ́kọ́, kí bàbá mi lè kà á. Kí wọ́n ṣí fáìlì náà padà. Kí wọ́n pe bàbá oníbàtà, awakọ̀ àti dókítà wá jókòó, kí wọ́n sì gbọ́ wọn tán.

Kò tíì parí síbẹ̀, nítorí ihò kejì kò tíì parí. Ní òwúrọ̀ tí ẹ ń ka èyí, àwọn ọkùnrin mẹ́ta mẹ́ta ṣì ń wọ iwájú ẹ̀rọ yẹn. Kọnkéré ẹ̀gbẹ́ géètì ṣì ṣófo. Mo gba ibẹ̀ kọjá lánàá. Ẹnìkejì Bàbá Kékeré fi tirẹ̀ hàn mí kó tó lọ lọ́jọ́ tó wá kí mi. Ó ti yí báàjì náà dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kan àyà, ẹ̀yìn rẹ̀ tó dán lásán ló kọjú sóde. "Gbogbo wa la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí," ló ní. "Bí mo bá ṣubú, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i kà."

Ẹ̀yin tí ẹ ni iṣẹ́ yìí, ọ̀kan nínú méjì ni: ẹ gbé yàrá náà padà wá kí ẹnikẹ́ni tó tún wọlé, tàbí kí ẹ bọ́ báàjì yín lọ́rùn wọn.

Ti Bàbá Kékeré wà lọ́dọ̀ mi. Inú ọ̀rá ni wọ́n kó o sí fún mi ní ilé ìwòsàn, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní apá ibi tí í ṣe tirẹ̀, níbi tó máa ń fi kọ́ nígbà tó bá ń wẹ̀. Ó kọjú sóde. Mi ò ní yí i dé. Ẹ wá kà á.